Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Olùpè Wà

Mò-ń-gbọ́ la máa ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ òun gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tí wọ́n sọ ọ́. Bó bá ti gbé ìpè, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn: "Mò ń gbọ́ yín. Níbo lẹ wà?" Ó sọ ọ́ títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu, débi pé ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún wa pé bí òun bá kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀, "Mò ń gbọ́ yín" ni ìyá òun fi ń dáhùn. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ẹ dúpẹ́ pé mi ò bi í ní ibi tó wà."

Ọdún méje ni mo fi jókòó sí tábìlì tó kan tirẹ̀ ní ilé ìpè pàjáwìrì. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, mo gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú mi, ìyókù sì wà nínú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Òun ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i.

Yàrá gígùn kan ni ibi iṣẹ́ wa, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí àwọn panápaná ń gbé ọkọ̀ wọn sí nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ wọn bá ń jáde, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tíì á sì máa mì nínú ife. Tábìlì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà náà á gbé máàpù jáde, àmì pupa kékeré kan á sì yọ síbi tí fóònù onítọ̀hún wà. Nígbà mìíràn, àmì yẹn á tọ́ka sí ilé gan-an. Nígbà mìíràn, òpópónà nìkan ló máa mọ̀, ìyẹn ló fà á tí a ṣì fi ń bèèrè. Ẹni tí jìnnìjìnnì bá bá lè má rántí nọ́ńbà ilé tó ti ń gbé láti ogún ọdún. Mò-ń-gbọ́ á ní kí wọ́n lọ sójú fèrèsé. "Kí lẹ rí? Ilé iwájú yẹn, ọ̀dà wo ni wọ́n fi kùn ún? Ẹ ṣeun. Ẹ má gbé fóònù yẹn sílẹ̀ o." Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Mo ti rí i tó ń bá ọkùnrin tí orùlé ń jó lórí rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà ọjà fún àlejò.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kò tíì sí òfin kankan lórí ibi tí olùpè wà. Áńbúláǹsì ní ọ́fíìsì tiwọn, panápaná ní tiwọn, ọlọ́pàá ní tiwọn, fóònù inú ilé kan ló so gbogbo wọn mọ́ ilé ìpè. Bí ẹnikẹ́ni bá pè lórí fóònù yẹn, tó ní, "Panápaná ni o, ẹ jọ̀ọ́, àdírẹ́sì ìpè aago méjì dà?" wọ́n á kà á fún un. Ta ló máa bi í pé ta ni ìwọ? Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà fóònù yẹn, ará ilé ni. Wọn kì í gba ohùn ibẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í sì í kọ ẹni tó bèèrè síbì kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin aránṣọ kan pè. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nítorí lílù, ó sì fara pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó gun àkàbà lọ gbé àpótí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, àkàbà yẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Mò-ń-gbọ́ ló gba ìpè náà. Ó rán áńbúláǹsì, ó sì ń bá obìnrin náà ka nọ́ńbà kó má bàa dákú.

Àṣé ọkọ yẹn máa ń pe fóònù ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́, wọn kì í sì í gbé e. Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí aránṣọ ti bá Mò-ń-gbọ́ sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ti dà rú rò pé áńbúláǹsì ló ń pè, ó gbé e. Bó ṣe gbọ́ ohùn ọkọ náà, ó fi ìbínú kígbe pé, "Fi í sílẹ̀! Ó ti já látorí àkàbà, áńbúláǹsì là ń retí!" ó sì pa á. Ohun tí ọkùnrin náà ń wá nìyẹn. Ó ti wa ọkọ̀ fún panápaná rí kí wọ́n tó lé e, ó sì ṣì rántí nọ́ńbà fóònù inú ilé. Ó pè. Ó ní, "Panápaná ni o. Obìnrin tó já látorí àkàbà yẹn, wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ tóóró, ká wá bá wọn gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ka àdírẹ́sì fún wa."

Mò-ń-gbọ́ kà á fún un.

"Ẹ ṣeun, ìyá wa," ni ọkùnrin náà wí.

Wọ́n ti ń gbé aránṣọ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Awakọ̀ áńbúláǹsì gbá a mú látẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú rẹ̀. Iṣan ìka mẹ́ta já. Àwọn dókítà rán an, wọ́n tún un rán, àwọn ìka náà kò sì tẹ̀ mọ́ títí láé. Aránṣọ ni, kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú.

Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé ìpè ìgbà yẹn pe Mò-ń-gbọ́ sí kọ̀rọ̀. "Ta ló mọ̀? Wọn ò gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àwọn áńbúláǹsì ló tú u síta. Fọwọ́ bo ẹnu rẹ, ọ̀rọ̀ á lọ fúnra rẹ̀." Ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ó kọ ojú ìwé mẹ́rin. Mo ti ka ìwé náà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ rèé: "Èmi ni mo sọ ibi tó wà fún un, mi ò sì bèèrè ẹni tó jẹ́." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ọkọ aránṣọ lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n bi í ní kóòtù bó ṣe rí àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: "Mo bèèrè ni. Wọ́n sì fún mi."

Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí àwọn aláṣẹ yan ènìyàn mẹ́jọ láti kọ òfin. Wọ́n ní kí Mò-ń-gbọ́ wà lára wọn nítorí ojú ìwé mẹ́rin tó kọ. Wọ́n ṣe ìpàdé náà ní yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń họ ìkòkò, ọ̀rọ̀ sì gbóná ju yàrá lọ. Ọ̀gá panápaná kò fẹ́ gbọ́ òfin rárá. "Bí ilé bá ń jó, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ ni? Iná kì í dúró de akọ̀wé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó jẹ́ olórí àwọn áńbúláǹsì kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ nípa bàbá arúgbó kan tí àwọn ọlọ́pàá ti mọ ibi tó ṣubú sí fún odidi ogójì ìṣẹ́jú, tí wọ́n kọ̀ láti sọ fún àwọn áńbúláǹsì nítorí pé wọ́n ní àṣírí iṣẹ́ ni. "Nígbà tí a fi máa débẹ̀," ó ní, "aṣọ la fi bò ó." Ọ̀rọ̀ náà lójú méjì. Ẹni tó sọ ṣe ènìyàn léṣe, ẹni tó dákẹ́ pa ènìyàn.

Lọ́jọ́ kẹta ìpàdé, aránṣọ wá. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ sínú ìborùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, nígbà tí mo pè, mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí mo wà. Mi ò pè kí ẹ máa pín in. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé mi, kó tètè mọ̀. Ẹni tí kò bọ̀, kí ló kàn án?"

Mò-ń-gbọ́ dìde. "Ìyá, èmi ni mo sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún un."

Aránṣọ yíjú sí i. "Mo mọ ohùn yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ka nọ́ńbà kí n má sùn."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ gbà mí, ẹ̀yin náà lẹ tà mí."

Mi ò lè sọ pé ó dárí jì í. Kò sọ bẹ́ẹ̀, Mò-ń-gbọ́ kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó jókòó padà, ó mú bírò rẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Òfin tó jáde kò gùn. Bí ìpè bá dé, ibi tí olùpè wà á lọ lójú ẹsẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń lọ síbẹ̀, láìsí ìwé àṣẹ; ọ̀gá panápaná gba ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ nìkan. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, àwa ni a ó pe nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn tí a mọ̀, a kò ní dá ẹni tó pè wá lóhùn. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó ti àkọsílẹ̀ náà pa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, á kọ orúkọ àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sì sí lára àwọn tó lọ, á mú ìwé adájọ́ wá. Ìlà tó kẹ́yìn, Mò-ń-gbọ́ ló kọ ọ́: bí òṣìṣẹ́ bá mọ olùpè, ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà jẹ́ aládùúgbò, kó gbé ìpè náà fún ẹlòmíràn ní kété tí ewu bá ti rọlẹ̀, kó má sì wo ìdí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni wọ́n gbà mí síṣẹ́. Òun ló kọ́ mi.

Mò-ń-gbọ́ ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Bàbá wọn ti kú ní kékeré wọn, òun ló ń fa àbúrò náà lọ́wọ́ lọ síléèwé, òun ló bá a wá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ títún fíríìjì ṣe. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń bá wa tún fíríìjì ilé wa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ mú ọmọ wọn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, ó bá ọ̀nà lọ. Kò kọ ìwé, kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Àbúrò ń lọ káàkiri, ó ń bi gbogbo ayé pé kí lòun ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbẹ bí igi ìdáná.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, mo gbọ́ tí Mò-ń-gbọ́ ní, "Mò ń gbọ́ yín. Níbo lẹ wà?" Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n yíjú. Kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan di etí tábìlì mú. Ohun tí ẹni tó pè sọ, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n?" ni ohùn yẹn wí. "Ẹ̀yin ni? Àbí kí n pa fóònù?"

"Má pa á, ìyàwó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ ò lè mí. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú."

"Gbé e jókòó, má jẹ́ kó sùn sílẹ̀. Tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ohun tó máa ń fín sẹ́nu dà?"

"Ó ti tán látàná."

"Ó dáa. Áńbúláǹsì ti ń bọ̀, mo ti rí ibi tó o wà. Lọ ṣí ilẹ̀kùn ìta sílẹ̀, kó o padà wá ka èémí rẹ̀ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún un."

"Ka èémí rẹ̀ fún mi."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ohùn Mò-ń-gbọ́ kò yí padà, àmọ́ mo rí òógùn tó ń ṣàn lẹ́yìn etí rẹ̀. Nígbà tí àwọn áńbúláǹsì wọlé síbẹ̀, ó bọ́ ohun tí a ń fi gbọ́rọ̀ kúrò lórí, ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá wa. "Mo mọ ẹni tó pè. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi." Wọ́n gbé ìpè náà sórí tábìlì mi. Èmi ni mo bá a dé òpin: wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ àti oògùn, ó jáde ní aago márùn-ún. Mo ti àkọsílẹ̀ náà pa. Ní gbogbo àkókò yẹn, Mò-ń-gbọ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gba ìpè àwọn ẹlòmíràn, kò sì wo kọ̀ǹpútà mi lẹ́ẹ̀kan. Ara mi kò gbà á. Bóyá mo rú òfin, mi ò mọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ méjì péré fún un láìyíjú: "Ó ń mí." Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ó lọ sí ilé ìtọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣe fún ọmọ náà nígbà tó wà ní ìkókó, nọ́ńbà bàbá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù àbúrò: "Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọmọ yín wá sọ́dọ̀ wa. Báwo ni ìtọ́jú wa ṣe rí?" Ó sáré lọ síbẹ̀. Wọ́n ní áńbúláǹsì ló gbé e wá, àwọn kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Mò-ń-gbọ́ ń lọ aṣọ ní pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí àbúrò wọlé pẹ̀lú ìyá wọn. Ìyá jókòó. Àbúrò kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, áńbúláǹsì ló gbé ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti pè é."

"Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè wá."

"Ẹ má fi mí ṣeré! Ibo ló wà?"

Mò-ń-gbọ́ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níbi iná. Ìyá wọn ló sọ̀rọ̀. "Ọmú kan náà ni mo fún ẹ̀yin méjèèjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi."

"Okùn ọmọ ìyá yi, ohun tí mo fi tọ́ yín nìyẹn. Ṣé o mọ ibi tí ọmọ yẹn wà?"

"Ìyá mi, ohun tí mo bá gbọ́ níbi iṣẹ́, etí iṣẹ́ ni mo fi gbọ́ ọ. Mi ò gbé e wálé."

"Etí mélòó lo ní?" ni ìyá wí.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin gìrìpá. "Ṣé ẹ̀yin náà ti gbà pé ènìyàn burúkú ni mí ni?"

"Mi ò pè ọ́ ní nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín yín, ìdí tí mi ò fi lè sọ nìyẹn. Lọ sí kóòtù ẹbí. Wọ́n lè fi ìwé ránṣẹ́ sí i láìsọ ibi tó wà fún ọ. Bó o bá fẹ́, màá bá ọ lọ lọ́jọ́ Ajé."

"Kóòtù? Nítorí ọmọ tí mo bí?"

Ìyá dìde, ó wá bàtà rẹ̀ kàn. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ó dáa. Máa tọ́jú àwọn olùpè rẹ. Má pè mí." Mò-ń-gbọ́ sì ń pè é, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Fóònù á dún títí á fi dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Àbúrò ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rẹ́ yìí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀, ó wá ìpè ọmọ tí kò lè mí ní ọjọ́bọ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà bi í ní ìdí. Ó kọ "ìwádìí". Ìpè náà kì í ṣe ti ọlọ́pàá, nítorí náà kò ṣí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kìlọ̀ fún ẹni tó tì í pa, ìyẹn èmi. Mo pe ọ́fíìsì wọn lórí nọ́ńbà tí a mọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn kò ní ìwádìí kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti mú ọlọ́pàá náà kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ ẹnu géètì.

Lọ́jọ́ tí àbúrò gbọ́, ó dúró dè wá ní iwájú ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. "Ìwọ lo ba iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi jẹ́!" ló pariwo. "Ìwọ! Mo ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n!" Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sọ "ìwọ" fún un rí. Àwọn panápaná tó ń fọ ọkọ̀ dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Mò-ń-gbọ́ kò sọ pé òun kọ́ ló pe ọ́fíìsì ọlọ́pàá. Èmi tí mo pè é sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, báàgì mi lọ́wọ́, mi ò lè la ẹnu. Títí di òní, ojú ṣì ń tì mí.

Ní ọdún yẹn náà ni mo ṣàkíyèsí pé kokósẹ̀ rẹ̀ ń wú. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé kì í pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú, á wá fẹsẹ̀ rìn yí ká fún ogún ìṣẹ́jú. Mo rò pé dókítà ló ní kó máa rìn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí ló tó sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì náà ń gba òpópónà tí àmì pupa yẹn yọ sí. "Bí mo bá jókòó sójú fèrèsé," ó ní, "ojú mi á wá wọn. Mi ò sì lè fi ojú mi sẹ́wọ̀n."

Lóṣù karùn-ún tí ìyàwó ti lọ, àbúrò gba kóòtù lọ. Àárẹ̀ ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Kóòtù fi ìwé ránṣẹ́, ìyàwó sì wá. Mò-ń-gbọ́ gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n bá òun lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Ìyá wọn jókòó níwájú, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìyàwó kò pariwo. Ó ní ọkọ òun kò na òun rí. Ó ní láti ọdún méjì, bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ti ilẹ̀kùn látìta, á mú kọ́kọ́rọ́ àti fóònù òun lọ. Ó ní ní ọjọ́ kan, àìsàn mímí náà gbé ọmọ nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Òun kígbe lójú fèrèsé títí aládùúgbò kan fi já ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì ni òun lọ.

Adájọ́ yíjú sí àbúrò. "Ṣé òótọ́ ni?"

Ó sorí kọ́. "Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ó máa lọ."

"Ó sì lọ," ni adájọ́ wí.

Kí ìyàwó tó lọ, Mò-ń-gbọ́ máa ń lọ sí ilé àbúrò rẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà mìíràn, àbúrò á pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, á ní ìyàwó òun ń sùn, kí wọ́n lọ jókòó síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Nígbà tí a jáde sórí àtẹ̀gùn kóòtù, Mò-ń-gbọ́ jókòó lé ọ̀kan nínú wọn bí ọmọdé. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń gbọ́ àwọn àjèjì," ó ní. "Ilé àbúrò mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí ṣáájú ìgbà náà.

Kóòtù ní kí àbúrò máa rí ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́ta sí márùn-ún, nínú yàrá kan ní kóòtù níbẹ̀, lójú òṣìṣẹ́ wọn, kó sì máa lọ bá àwọn tó ń gba irú rẹ̀ nímọ̀ràn. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Ó ti padà sí "ẹ" fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ" yẹn kò gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí fíríìjì wa bá bàjẹ́ nísinsìnyí, ẹlòmíràn là ń pè.

Ní ti ìyá wọn, ó tó ọdún kan kó tó ránṣẹ́ pé ojú ń dun òun. Mò-ń-gbọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, ìyá di apá rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọdá tán. Wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n nígbà tí ìyá ní, "Iṣẹ́ yẹn, ṣé ó ń rẹ̀ ọ́?"

"Ó ń rẹ̀ mí, ìyá mi."

"Mo mọ̀."

Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ nìyẹn, wọn kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, fóònù Mò-ń-gbọ́ dún nílé ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìyàwó àbúrò ni. Wọ́n kí ara wọn. Nígbà tó yá, ìyàwó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ń bèèrè yín. Ẹ mú bírò, kí n sọ àdírẹ́sì wa fún yín." Mò-ń-gbọ́ mú bírò. Ó kọ nọ́ńbà ilé, ó kọ orúkọ òpópónà lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó tún ní kó tún un sọ. Ó ní òun kọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ó lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó mọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta tí wọ́n fi dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń fẹ́ wọlé. Ìyàwó bèèrè bí ara àbúrò ṣe wà. Mò-ń-gbọ́ ní ara rẹ̀ le, ó ń ṣiṣẹ́. Wọn kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà, tó ti pé ọdún méje ààbọ̀, gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá, ó ní yíyọ ò yé òun. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú mẹ́tàlá, títí ìyá ọmọ fi tan iná.